Ẹ Má Gé Bàbá Kúrò Nínú Fọ́tò

Bàbá náà fi igbà kọ́ èjìká, ó gbé akèrègbè ẹmu dání, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ nínú yàrà bí ẹni tó ń ti ìyẹ̀wù bọ̀ sí pálọ̀. Mo ti wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Kámẹ́rà mi wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mò ń retí kí oòrùn ga débi tí á fi lè já ewé kọjá. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní mo kú iṣẹ́. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi dúró díẹ̀ lẹ́bàá ògiri yẹn, kó gbé akèrègbè rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀.

Ó wò mí, ó wo òkè, ó tún wò mí.

"Ọmọ mi, kí ló wà níbí tó o fẹ́ yà? Yàrà lásán ni."

Síbẹ̀, ó dúró. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀ pupa náà, ó fara tì í bí ẹni fara ti ògiri ilé rẹ̀. Mo tẹrí ba wo inú kámẹ́rà. Bàbá tó ga lójú mi nígbà tó ń bọ̀ wá di ẹ̀dá kékeré kan nísàlẹ̀ odi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o nígbà mẹ́wàá. Gbòǹgbò igi ń rọ̀ wálẹ̀ láti òkè bí okùn. Ọ̀rinrin ti mú kí ara ògiri náà hu ohun tútù aláwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ya ibẹ̀ nígbà náà, ní 2002. Ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bó ṣe tóbi tó.

Inú ìwé ni wọ́n ti ń pè é ní Erédò Sùngbọ́. Ní oko ìyá mi, yàrà ni, kò lórúkọ mìíràn. Wọ́n á ní, "Má kọjá yàrà o," tàbí "Ẹ̀yìn yàrà ni kòkó wa wà." Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé yàrà tí à ń wí yìí kò pin sí oko wa, pé ó ń lọ ni, ó ń lọ, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú po bí ìgbànú. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀. Ó gba igbó ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba igbó ìpínlẹ̀ Èkó. Ìlú kan wà lápá Ẹ̀pẹ́ tó ń jẹ́ Erédò títí di òní. Níbi tó jìn jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ṣóńṣó òkìtì etí rẹ̀ tó 20 mítà. Ilé alájà mẹ́fà nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ṣe é rọrùn láti sọ, ó sì le láti ṣe. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ń da erùpẹ̀ tó ń jáde sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sílé, títí erùpẹ̀ náà fi di òkìtì gíga. Ohun tó kúrò nísàlẹ̀ ló lọ sókè, ìdí nìyẹn tí yàrà àti odi fi jẹ́ ohun kan ṣoṣo níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ, ó rọ̀ fún ọkọ́. Tí afẹ́fẹ́ àti oòrùn bá wá lù ú, á le bí òkúta. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ yàrà dúró ṣánṣán títí di àkókò tiwa láìya lulẹ̀.

Peter Lloyd, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ló kà á. Ariwo rẹ̀ kò gbòde títí di 1999. Ọdún yẹn ni èmi náà gbọ́ ọ lórí rédíò pé Patrick Darling, ará ìlú òyìnbó tó ti fi ẹsẹ̀ rin igbó wa lọ́pọ̀ ọdún, ti ṣírò erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde sí 3.5 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà, èyí tó ju gbogbo òkúta tó wà nínú pírámíìdì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ. Mò ń gé pásípọ́ọ̀tù fún oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà náà. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Yàrà tí wọ́n ní kí n má kọjá nìyí, òun ni wọ́n ń fi wé pírámíìdì.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn onímọ̀ méjì, Gérard Chouin àti Ọlánrewájú Lasisi, wá gbẹ́ ilẹ̀ yàrà náà, wọ́n fi sáyẹ́ǹsì wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420. Ẹ bá mi rò ó wò. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sáàárín àádọ́ta ọdún, a jẹ́ pé ìran kan tàbí méjì ló ṣe é tán. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́mọdé lè fi ojú ara rẹ̀ rí i tó parí. Kò sí katakata, kò sí típà. Ọkọ́ ni, agbọ̀n ni, orí ni, ọwọ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, ọwọ́ ni mo máa ń wá lójú ògiri yẹn tí mo bá gbé kámẹ́rà sókè.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò, láti 1988. Ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, àti Ojúde Ọba lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn régbérégbé bá ń fi aṣọ dárà kọjá níwájú Awùjalẹ̀. Yashica onílẹ́ǹsì méjì ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi. Fíìmù rẹ̀ kò gbà ju fọ́tò méjìlá lọ, nítorí náà a kì í tẹ kámẹ́rà bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń tẹ fóònù. Ẹni tó fẹ́ lò ó máa gbé e sí àyà, á tẹrí ba wò ó láti òkè. Mo fẹ́ràn ìtẹríba yẹn títí di òní. Ẹni tí ò ń yà kò rí ọ bí ẹni tó ń na nǹkan sí i lójú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ ya yàrà ní 1999, mo lo fíìmù kan gbáko, gbogbo fọ́tò tó jáde ló dúdú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ẹni tó ti darúgbó nígbà náà. Ó gbé nẹ́gẹ́tíìfù náà sókè síná, ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n padà lọ, ṣùgbọ́n kí n fi kámẹ́rà sílé. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí n wo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé àti ibi tó ń gbà jáde.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí mo jókòó sí, òkùnkùn ló wà nísàlẹ̀ títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ìmọ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri apá kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú aṣọ. Nígbà tó fi máa di aago kan ó ti gòkè padà lára ògiri kejì. Wákàtí kan ààbọ̀ péré ni yàrà fi ń ríran lójúmọ́. Lásìkò ọyẹ́, eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ká, á rọ̀, kò ní gún ojú. Lẹ́yìn òjò oṣù Kẹfà, ara ògiri á tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á máa yọ̀, ẹ̀fọn á sì jẹ ènìyàn dé eegun.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tilẹ̀ wọlé, kì í pọ̀. Ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣí pẹ́, nígbà mìíràn tó ìṣẹ́jú àáyá kan odindi. Bí atẹ́gùn bá mi ewé, ewé náà á di èéfín. Bí ẹni tí mò ń yà bá mira, òun náà á di èéfín. Mo máa ń sọ fún un pé kó di èémí mú títí n óò fi ka ẹẹ́ta. Ògiri kò níṣòro, òun ti ń dúró láti ìgbà láéláé. Bí ènìyàn ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà yẹn máa ń ṣe nǹkan kan sí ojú rẹ̀. Ẹ̀rín ìyàwòrán á kúrò níbẹ̀. Á wá jọ ara rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó dùn mí. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo ya bàbá ẹlẹ́mu yẹn, àwọn kan tó ń tẹ ìwé ìròyìn gbọ́ nípa fọ́tò náà, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Nígbà tí ìwé jáde, wọ́n ti gé bàbá kúrò. Wọ́n ní àyè kò tó, pé ògiri náà ni ọ̀rọ̀ wọn dá lé. Fọ́tò tó kù, ilẹ̀ pupa ni lọ́tùn-ún, ilẹ̀ pupa lósì, ewé láàárín. Aládùúgbò mi kan tó rà á bi mí pé gọ́tà ọ̀nà wo nìyí.

Kò ṣìṣe. Kò sí ohun tó lè sọ fún un pé kì í ṣe gọ́tà. Igi igbó kò ní ìwọ̀n, òkúta kò ní ìwọ̀n. Àfi ènìyàn ni gbogbo wa mọ bó ṣe ga tó láìjẹ́ pé a fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ìyẹn nìkan kọ́ ló bí mi nínú. Ẹni tó ń gbé ìdí odi ni wọ́n ní kò sí lára ọ̀rọ̀ odi. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ máa ń sọ fún ayé pé ibẹ̀ kò lẹ́ni tó ni ín, pé igbó lásán ni. Ilẹ̀ tí wọ́n bá sì ti pè ní igbó lásán, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń tẹ̀lé e.

Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé kò sí fọ́tò yàrà tí màá jẹ́ kó jáde lọ́wọ́ mi láìní ènìyàn nínú. Àwọn ènìyàn náà kò sì wọ́n. Mo ya ìyá méjì tí wọ́n ru ẹ̀gẹ́ ń gòkè, tí wọ́n fi ọwọ́ kan di ẹrù mú, tí wọ́n fi èkejì di gbòǹgbò mú. Ibi tí wọ́n ń tẹ̀ ti di àtẹ̀gùn lára ilẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyá wọn tẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá ìyá wọn tẹ̀. Mo ya àwọn ọmọ tó ń ṣa ìgbín nísàlẹ̀ ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò, tí wọ́n kó o sínú fìlà. Ọdẹ kan jẹ́ kí n ya òun, ṣùgbọ́n ó ní kí n má ya ìbọn òun. Mo gbọ́ tirẹ̀.

Àwọn tó le jù láti yà ni àwọn ọmọ onítípà. Ní ibì kan tí odi sún mọ́ ọ̀nà ọkọ̀, mo bá wọn níbẹ̀ ní 2011, wọ́n ń wa òkìtì náà sínú ọkọ̀. Ilẹ̀ pupa dára fún kíkún ilẹ̀ ilé. Mo lè pariwo lé wọn lórí. Ó wù mí. Ṣùgbọ́n mo kí wọn, mo jókòó. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Mo yọ fọ́tò ibì kan náà tí mo yà ní 2006 hàn wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ gbà á láàárín ara wọn. Ẹni tó bímọ yẹn gbé e sókè, ó fi wé iwájú rẹ̀, ó tún gbé e sókè. "Ibí yìí náà nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹnì kan ló mọ ọ́n." Wọn kò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo ya wọ́n, mo kọ orúkọ wọn, mo gbé fọ́tò wọn lọ fún wọn. Àwọn náà wà lára àwọn ènìyàn odi yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń wà á lọ.

Bí mo ṣe ń mọ ibì kan náà kò ṣòro. Mo ní igi àràbà kan tí mo fi ṣe àmì. Láti ìdí rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ni mo máa ń kà, kí n tó fìdí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, lẹ́ǹsì kan náà, gíga kan náà. Mo ti dúró síbẹ̀ ní 2002, 2006, 2011 àti 2019. Ẹni tó bá tò wọ́n síwájú ara wọn á rí odi tó ń kéré sí i, láìjẹ́ pé mo la ẹnu.

Mo kọ́ sùúrù yẹn lára J. D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ilẹ̀ wa tó kú ní 2014. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin, láti ẹ̀yìn orí, ní ojú títì, níbi ìgbéyàwó, ní ọ́fíìsì, títí ó fi ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ó mọ̀ pé irun kì í pẹ́ lórí. Ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á tú u. Fọ́tò rẹ̀ nìkan ló kù. Èmi rò nígbà kan pé iṣẹ́ tèmi yàtọ̀, pé odi kì í ṣe irun. Ìgbà tí mo rí àwọn onítípà ni mo tó mọ̀ pé ohun tó lo ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà lè tú láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Wọ́n ní Bílíkísù Sùngbọ́ ló ni iṣẹ́ náà. Opó ni, olówó ni, kò sì bímọ. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà yìí kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Ibojì tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀pọ̀ ènìyàn, Mùsùlùmí, Kìrìsítẹ́nì àti onísẹ̀ṣe, sì ń lọ síbẹ̀ fún àdúrà. Àwọn kan ní òun ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Ó yẹ kí n sọ èrò mi: ayé Sólómọ́nì fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lé díẹ̀ ṣáájú ọdún tí àwọn onímọ̀ rí nínú ilẹ̀ yàrà. N kò ní kó jẹ́ Ṣébà kó tó gbayì lójú mi. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí ìlú fi orúkọ rẹ̀ pe iṣẹ́ tó tó báyìí tó fún mi.

Nígbà tí mo dé Òkè-Ẹ̀rì, wọ́n fi sùúrù sọ fún mi pé obìnrin kì í wọ inú ibojì náà. Obìnrin ló ni ibojì, obìnrin kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ilé onílé ni mo wà. Mo fún ọmọ iṣẹ́ mi ọkùnrin ní kámẹ́rà, mo ní kó wo ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Èmi jókòó sí ìta pẹ̀lú àwọn ìyá mìíràn tí ọkọ àti ọmọ wọn ti wọlé. Ọ̀kan ń já ewúro. Ọ̀kan ń ka tẹ̀sùbáà. Mo tọrọ àyè, mo fi fóònù yà wọ́n. Fọ́tò inú ibojì tí ọmọ iṣẹ́ mi gbé jáde dára. Ṣùgbọ́n ti àwọn ìyá tó jókòó síta yẹn ni mo gbé kọ́ sí ìsọ̀ mi.

Odi kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú nìkan, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń ya tirẹ̀ lọ wo ti ẹlòmíràn. Mo ti dé Ìbínní, níbi tí onímọ̀ kan, Graham Connah, ti wọn odi inú pátápátá, tó rí i pé ó ga tó 17.4 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé òkè. Òfin ti dáàbò bò ó láti 1961. Ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró sí, pàǹtírí ló kún inú rẹ̀, ìyá kan sì ń yan bọ̀ọ̀lì létí rẹ̀. Mo ya òun àti iná rẹ̀ àti yàrà.

Ní Ìbàdàn, odi tí Balógun Ìbíkúnlé mọ ní 1858 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Àmọ́ ẹ lọ sí Ọjà Bodè. Gbogbo ẹni tó ń ra ewé àti egbò níbẹ̀ ń pe orúkọ náà lójoojúmọ́, ìwọ̀nba ló ń rántí pé bodè ni ẹnu odi, ibi tí oníbodè ti ń gba owó lọ́wọ́ èrò. Kò sí odi tí mo lè yà níbẹ̀. Ọwọ́ ìyá kan tó ń nà fún owó ni mo yà.

Èyí tí n kò lè gbàgbé ni Kétu, lápá Orílẹ̀-èdè Benin. Odi àti yàrà yí ìlú náà ká láyé àtijọ́, ẹnubodè rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Akaba Idena sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dahomey wọ Kétu, wọ́n fi iná sun ún, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dahomey ni àwọn tó ṣẹ́ kù padà wá tún un tẹ̀ dó. Orúkọ Kétu ti kọjá òkun ṣáájú ìgbà náà. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil, àwọn onílé òrìṣà ṣì wà tó ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu.

Mo dúró sí iwájú ẹnubodè yẹn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé ilẹ̀kùn àti ògiri ni màá yà. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ṣe ń lọ, mo rí i pé àwọn tó ń kọjá kò rìn bákan náà. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá láìwò ó. Àwọn àgbà máa ń dín ìrìn wọn kù. Bàbá kan bọ́ fìlà. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tó fi bọ́ ọ. Ó fèsì pẹ̀lú Yorùbá Kétu tó dùn létí mi bí orin, ó ní àwọn tó jáde gba ibẹ̀ tí wọn kò padà pọ̀ ju àwọn tó padà lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un ṣe kí n yà á. Ó kọ̀. Ó ní kì í ṣe eré. Ó tọ̀nà, mo sì tọrọ àforíjì. Fọ́tò tí n kò rí yà yẹn ló kọ́ mi pé iṣẹ́ yìí ní ìwọ̀n.

Gbogbo ẹni tí mo bá yà, mo máa ń gbé fọ́tò tirẹ̀ padà lọ fún un. Ó lè gba ọdún kan, ó lè gba méjì, ṣùgbọ́n mo ń lọ. Lẹ́yìn ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi, mo ń fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni náà bí òun fúnra rẹ̀ ṣe pè é, orúkọ oko, ọjọ́, àti ohun tó ń ṣe. N kì í lo bíírò. Ìǹkì máa ń wọ inú bébà tó bá yá. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí nílé tirẹ̀, tí kò ní ju fóònù lọ, kó fi èyí bẹ̀rẹ̀: kó kọ orúkọ sílẹ̀. Àìmọye fọ́tò àtijọ́ ni mo ti rí níbi tí wọ́n ti kọ "odi ìlú" sábẹ́ rẹ̀, tí ènìyàn mẹ́rin dúró síbẹ̀, tí kò sí orúkọ ẹyọ kan.

Bàbá ẹlẹ́mu náà gba fọ́tò tirẹ̀ ní 2003. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi sábẹ́ ẹní. Lẹ́yìn náà, nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá wá, ó máa ń bi mí pé ṣé mo tún wá ya yàrà lásán mi.

Ó kú ní 2021. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sí ìsọ̀ mi, ó ní kí n fún àwọn ní fọ́tò kan fún póstà ìsìnkú. Ti 2002 ló fẹ́, nítorí pé ara bàbá le dáadáa níbẹ̀. Mo fún un. Nígbà tí mo dé ibi òkú, mo rí póstà náà níwájú ilé. Àwọn tó ń ṣe póstà lórí kọ̀ǹpútà ti gé odi kúrò lẹ́yìn bàbá, wọ́n fi àwọsánmà funfun àti àtẹ̀gùn góòlù sí i. Wọ́n ti gé e láti àyà sókè.

N kò bá wọn jà. Mo ti tẹ odindi fọ́tò náà ní ńlá, mo fi férémù sí i, mo gbé e lọ bá ìyàwó bàbá níbi tó jókòó sí láàárín àwọn ìyá yòókù. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ díẹ̀. Ìka rẹ̀ wá ń lọ sísàlẹ̀ lórí gíláàsì, ó kọjá ọwọ́ tó kan ilẹ̀ pupa, ó kọjá igbà, ó dúró lórí akèrègbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"A ti wá a tì," ó ní. "Okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ yìí, èmi ni mo hun ún."

Ó ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ bá òun mú ìgò ojú wá.